Ilẹ̀kùn Tí Kò Wọ Yàrá Kankan

Bàbá mi, káfíńtà Òkè-Ẹ̀ṣọ̀ ní Iléṣà,
fi pẹ́ńsùlù há etí, ó ka fọ́ọ̀mù mi lẹ́ẹ̀mejì.
"Eré orí ìtàgé." Ó dákẹ́.
"Ní yunifásítì. Fún ọdún mẹ́rin."
Ó ní bàbá tó bí òun kiri aṣọ dé Ìgbómìnà,
ó lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi jáde,
òṣómàáló pọ́ńbélé, ó mọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó.
"Ìwọ Ọmọ́tárá, bí o bá wá sunkún ẹlẹ́kún tán,
ẹnu ọ̀nà ta ni wàá lóṣòó sí?"

N kò rí èsì fọ̀. Mo di ẹrù, mo wọkọ̀ Ifẹ̀.

Wọn ò tètè kọ́ wa lẹ́kún.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ìrìn la kọ́ ń kọ́:
bí arúgbó ṣe ń dìde lórí àpótí,
bí ẹni tó jí owó ṣe ń kọjá níwájú olówó.
Mo jókòó sí Sábó láàárọ̀, mò ń wo ẹsẹ̀ èèyàn
títí ọlọ́kadà kan fi bi mí bóyá bàtà mi ló sọnù.

Wọ́n fún mi ní ipa ìyá ìyàwó, gbólóhùn méjì péré.
Mo gbàgbé ọ̀kan.
Ni wọ́n bá gbé mi lọ sínú òkùnkùn ẹ̀gbẹ́ ìtàgé,
tèmi ti ìwé eré, tèmi ti tọ́ọ̀ṣì kékeré.
Mo bá wí jẹ́jẹ́ pé "Ó yá," iná tàn.
Mo tún wí pé "Ó yá," òjò rọ̀,
òjò tó jẹ́ ẹ̀wà gbígbẹ lórí páànù.
Ibẹ̀ ni ara mi ti balẹ̀.

Bàbá wá wo eré wa lọ́jọ́ Sátidé kan,
ó dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá.
Àwọn èèyàn sunkún, wọ́n pàtẹ́wọ́ dìde.
Bàbá ní: "Ilẹ̀kùn yẹn ń mì. Ta ló kàn án?"

Ọjọ́ Ajé, ó sọ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú rándà àti òòlù.
Ó ṣí ilẹ̀kùn náà, ó wẹ̀yìn rẹ̀:
ògiri, okùn, ìgbálẹ̀ kan.
"Níbo ló wọ̀?"
"Kò wọ ibì kankan, Bàbá.
Àwọn tó jókòó níwájú ló ń kọ́ yàrá sẹ́yìn rẹ̀."
Ó wò mí títí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá pákó.

Nígbà tó parí, ó kọ iye owó rẹ̀ sórí ìwé,
ó lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà akápò ẹ̀ka wa
láti aago mẹ́wàá di ìrọ̀lẹ́.
Wọ́n sanwó. Wọ́n tún ní kó wá kan àtẹ̀gùn.
Iṣẹ́ tí mo lọ kọ́ fún bàbá mi níṣẹ́ kó tó fún èmi.

Ọláníhún, tó ń ṣe ọ̀tá nínú gbogbo eré,
ohùn tó fi ń dẹ́rù bà wá
ló fi ń kéde olóògbé lórí rédíò báyìí.
Mosúnmọ́lá ń fi eré tú ahọ́n àwọn ọmọ akólòlò.
Dòsùnmú ń ta símẹ́ǹtì. Ó ní ọdún mẹ́rin náà ò ṣòfò,
kí n wá wo bí òun ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀.
N kò tíì lọ.

Èmi ṣì wà nínú òkùnkùn, wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi.
Bàbá ti sùn. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ò tíì sùn:
a ti kùn ún di ilé olówó, di ẹ̀wọ̀n, di wọ́ọ̀dù aláboyún.
Èrò ìwòran ò rí ju iwájú rẹ̀ lọ.
Láti ibi tí mo jókòó sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń rí,
níbi tí ọ̀dà kì í dé,
àti ìkọ̀wé pẹ́ńsùlù, ó dagun díẹ̀:
*Ti Ọmọ́tárá ni. Ẹ rọra tì í.*